Bí a ṣe ń gbé gíláídà balẹ̀ sóko olóko kó má di jàǹbá

Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi gíláídà rin ọ̀nà jíjìn máa balẹ̀ sóko olóko lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ òfuurufú ni gíláídà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbéra nílẹ̀ ló ń gbé e ròkè, tí afẹ́fẹ́ yẹn bá sì tán lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ló kù. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀, kì í sì í ṣe jàǹbá. Mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní gíláídà, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n máa ń pè láti lọ fi tírélà gbé ọkọ̀ tó balẹ̀ síbi tí kò yẹ. Tí mo bá débẹ̀ tí mo bi awakọ̀ pé, "Ìgbà wo lẹ mú oko yìí?", ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé ilẹ̀ ti sún mọ́ kó tó mú un. Òkè ni jàǹbá inú oko ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí awakọ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á rí afẹ́fẹ́ kan sí i níwájú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi máa pọ̀ lórí ohun tí ẹ máa ṣe nígbà tí ẹ ṣì ga, ju lórí ohun tí ẹ máa ṣe nígbà tí táyà bá kanlẹ̀.

Gíga mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí

Tó bá ku ẹsẹ̀ bàtà 2,000 sílẹ̀, ìyẹn bíi mítà 600, ẹ dojú kọ agbègbè tí oko tó tẹ́jú pọ̀ sí, kí ẹ fi igbó àti ìlú sílẹ̀. Tó bá ku 1,500, kí ẹ ti mú oko kan pàtó, kí èkejì sì wà lọ́kàn yín tí àkọ́kọ́ bá ní àléébù. Tó bá ku 1,000, bíi mítà 300, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí oko náà ká láti balẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ ò wá afẹ́fẹ́ mọ́.

Ìkẹta yìí ló ń ṣòroó gbà jù. Ní ẹsẹ̀ bàtà 800, ẹ lè rí ẹyẹ tó ń yí po lókè ilé àgbẹ̀ kan, kí aago tó ń sọ bóyá a ń ròkè tàbí a ń sọ̀ sì gbọ̀n díẹ̀. Ọwọ́ á máa yún yín láti yí. Ẹ má yí. Ẹni tó bá ń yí po nísàlẹ̀ báyẹn, aago yẹn ni ojú rẹ̀ wà, kò wo oko mọ́. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ kúrò lórí oko tó ti mú. Ilẹ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ á jẹ́ kó dà bíi pé eré rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ eré rẹ̀ ti ń dín kù. Tí eré bá dín kù jù, apá tó wà níhà ibi tí ọkọ̀ ń yí sí ò ní lè gbé ìwúwo ọkọ̀ mọ́, ọkọ̀ á sì dorí kodò, á máa pòòyì bí òkòtó. Ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000, a máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bó ṣe máa jáde nínú irú ẹ̀ yẹn. Ní 500, kò sí àyè tó láti jáde. Ohun tó ń pa èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì bani nínú jẹ́ torí pé oko tó dáa lè wà lábẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo àkókò náà.

Ẹ má sì gbára lé aago gíga nìkan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tún un ṣe sí òdo ní pápákọ̀ tí a ti gbéra. Tí oko tí ẹ ń lọ bá fi mítà 100 ga ju pápákọ̀ lọ, tí aago sì ń sọ pé mítà 300 ni, mítà 200 péré ló kù nísàlẹ̀ yín. Ẹ wo igun tí oko náà fi wà sí ojú yín, kó rí bí pápákọ̀ yín ṣe máa ń rí tí ẹ bá ń yí i ká láti balẹ̀ nílé.

Bákan náà ni bí ẹ ṣe lè lọ jìnnà tó. ASK 21, gíláídà oníjòókòó méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ṣẹ́, lè rin mítà 34 síwájú fún mítà kan tó bá sọ̀. Láti mítà 300, ìyẹn jẹ́ bíi kìlómítà 10, tí afẹ́fẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́. Ẹ pín in sí méjì kí ẹ tó fi ẹ̀mí yín lé e. Láàárín afẹ́fẹ́ tó ń gòkè, èyí tó ń sọ̀ máa ń wà, ó sì lè fa gíga yín tán kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń wò.

Oko wo ni kí ẹ mú?

Ohun tó ń yá láti rí ni bó ṣe tóbi tó, síbẹ̀ èyí tí àwọ̀ ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn ń sọ ló máa ń pinnu bí ọ̀rọ̀ ṣe máa parí. Ẹ kọ́kọ́ wá oko tí wọ́n ti kórè, tó jẹ́ pé ìdí ọkà kúkúrú ló kù nílẹ̀. Láti òkè, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀ tí kátákátá ti ro, tí wọ́n sì ti tẹ́ dáadáa. Tí poro bá wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé poro, ẹ má dábùú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ní ògúlùtù ńláńlá rọ̀ jù, táyà lè rì sínú rẹ̀ kí imú ọkọ̀ sì forí sọlẹ̀.

Ilẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, tó dúdú ní àwọ̀ ewé, ni kí ẹ fura sí. Ohun ọ̀gbìn ni, ó sì ga ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí ẹ bá rí ìlà méjì-méjì tí táyà kátákátá fi sílẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí ìlà náà hàn ketekete, ó túmọ̀ sí pé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ga. Pápá koríko, ní tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba. Ẹran ọ̀sìn ló sábà máa ń wà níbẹ̀, wọ́n lè wà lábẹ́ igi kí ẹ má tètè rí wọn. Tí màlúù bá tò gbọọrọ ní ìlà kan níbi tí ẹ ò rí ọgbà, ó ṣeé ṣe kí wáyà oníná tẹ́ẹ́rẹ́ wà níwájú wọn. Bákan náà, tí àwọ̀ pápá kan bá yí padà láàárín, ẹ kà á sí ọgbà tàbí kòtò títí ẹ ó fi rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Wáyà iná kì í hàn láti òkè. Òpó ni kí ẹ máa wá, àti òjìji òpó. Tí ilé kan bá dá dúró láàárín oko, wáyà ń gba ibì kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá ibi tó gbà kí ẹ tó yan ọ̀nà tí ẹ máa gbà wọlé.

Ní ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, tí ẹ bá ti lè rí i láti òkè pé oko náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ti ga jù fún bíbalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wo ibi tí odò gbà, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Tí kò bá wá sí oko mìíràn, ẹ gun òkè náà lọ, kódà tí afẹ́fẹ́ bá ń tì yín lẹ́yìn. Gíláídà tó bá balẹ̀ sórí ibi tó ń dà lọ sísàlẹ̀ lè máa léfòó lọ títí tí oko á fi tán lábẹ́ rẹ̀.

Gígùn wá ńkọ́? Tí igi tó ga ní mítà 15 bá wà ní ẹnu ọ̀nà oko, ẹ yọ ìlọ́po mẹ́wàá gíga igi yẹn kúrò nínú gígùn oko. Mítà 150 ti lọ nìyẹn. Oko tó gùn ní mítà 400 ti di mítà 250 lọ́wọ́ yín.

Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa jù níbí. Ẹ wo èéfín, ẹ wo eruku tí kátákátá ń tú, ẹ wo adágún omi: etí tí omi bá ti parọ́rọ́ ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Òjìji àwọsánmà ń sọ ti òkè, ó lè yàtọ̀ sí ti ilẹ̀. Ká ní ọkọ̀ yín máa ń kanlẹ̀ ní eré kìlómítà 70 ní wákàtí. Tí afẹ́fẹ́ 20 bá kọjú sí yín, 50 ni ẹ fi kan ilẹ̀. Tó bá ń tì yín lẹ́yìn, 90 ni. Agbára tí búréèkì gbọ́dọ̀ pa ní 90 ju ìlọ́po mẹ́ta ti 50 lọ, torí pé bí eré bá ṣe di ìlọ́po méjì ni agbára rẹ̀ ń di ìlọ́po mẹ́rin.

Ohun tí oko wíìtì kan fi hàn

Mo ti dúró ti gíláídà kan nínú wíìtì tó ga dé ìbàdí. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ọkà dúró bó ṣe wà, àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí etí apá òsì ti gé, bí ẹni fi àdá fẹ́lẹ́ sán orí rẹ̀ dànù. Ibi tí ìlà yẹn parí sí ni gbogbo ọkà ti tẹ́ pẹrẹsẹ ní òbìrípo. Mo bẹ̀rẹ̀ mo wo táyà: ẹrẹ̀ kankan ò sí lára rẹ̀. Ọkọ̀ náà ò tíì kan ilẹ̀ rárá nígbà tí ọkà di apá òsì mú, tó fi yí i bìrí. Ìrù rẹ̀ ò lè gba yíyí yẹn. Ó ṣẹ́ níwájú apá kékeré tó dúró lóòró lórí ìrù, àwọn fọ́nrán funfun inú rẹ̀ sì tú síta. Awakọ̀ jáde fúnra rẹ̀, ó ń di ẹ̀yìn mú, ilé ìwòsàn ló ti wá hàn pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán.

Oko tó kọ́kọ́ mú ní màlúù nínú, ó sì ti sọ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 600 kó tó rí wọn. Wíìtì ló kù nítòsí, ó rò pé koríko ni. Ká ní ó ti wo oko àkọ́kọ́ yẹn fínnífínní láti 1,500, á ti rí màlúù náà, á sì ti ráyè lọ síbi tó sàn.

Tó bá jẹ́ pé ohun ọ̀gbìn gíga nìkan ló kù fún yín lóòótọ́, ẹ ka orí ọkà sí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dín eré kù bí ẹ ṣe máa ń ṣe lórí koríko, kí apá méjèèjì dọ́gba gan-an, kí ẹ lo eré tó kéré jù tó ṣì ń gbé ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó wọlé sínú ọkà láìfi apá kan ṣáájú èkejì.

Yíyí oko ká àti wíwọlé

Kí ẹ tó dé 1,000, ẹ ti da omi tí ẹ rọ sínú apá láti fi ìwúwo kún ọkọ̀ nù, ẹ ti yọ táyà jáde, ẹ ti fa bẹ́líìtì le, pàápàá èyí tó gba itan àti ìbàdí, ẹ sì ti sọ lórí rédíò ibi tí ẹ ń balẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ìta ni kí ojú yín wà. Ẹ yí oko náà ká bí ẹ ṣe máa ń yí pápákọ̀, ẹ má gé e kúrú. Ojú ọ̀nà yìí lẹ máa ti rí òpó tó sá pamọ́ fún yín.

Ìyípadà tó kẹ́yìn, èyí tó máa jẹ́ kí ẹ kọjú sí oko, ẹ parí rẹ̀ kó tó ku ẹsẹ̀ bàtà 300. Tí ọkọ̀ kan bá ń bọ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ò lè gbé e mọ́, ní eré kìlómítà 65 ní wákàtí nígbà tó dúró gbọọrọ, tí ẹ bá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 45, 77 ló máa ti bọ́. Ọ̀pọ̀ tó bá rí i pé òun ti fẹ́ kọjá ìlà oko máa ń bẹ̀rù láti da ọkọ̀ sí i, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń darí ìrù kí imú ọkọ̀ lè yí sí oko. Ìyẹn gan-an ló ń mú un pòòyì. Okùn òwú kékeré tí a lẹ̀ mọ́ gíláàsì níwájú yín á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró láàárín. Tí ẹ bá kọjá ìlà, ẹ jẹ́ kó kọjá, kí ẹ balẹ̀ ní ìdábùú díẹ̀ nínú oko.

Ẹ fi ìdajì eré afẹ́fẹ́ kún eré tí ẹ máa ń lò láti wọlé, torí pé afẹ́fẹ́ máa ń dín kù lójijì nítòsí ilẹ̀, eré yín á sì bá a dín kù. Ẹ má fi ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ìbẹ̀rù. Ẹni tó wọlé ní 120 dípò 100 ti fi ìdá 44 nínú 100 kún agbára tó fẹ́ pa. Tí táyà bá kan ilẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn, ẹ ṣí búréèkì apá, ìyẹn pátákó tó ń yọ jáde lórí apá láti dín eré kù, tán, kí ẹ tẹ ti táyà.

Tí ẹ bá wá rí i pé ẹ máa kọ lu ọgbà tàbí igi ní òpin oko, ẹ fi apá kan kanlẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà, ẹ ti ọ̀pá síwájú kí ìrù gbé sókè, kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà kó lè yí. Ọkọ̀ lè bà jẹ́. Wáyà ọgbà tó ń wọlé láti iwájú burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí àti ọrùn èèyàn ló máa bá.

Àwọn gíláídà kan ní ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yọ jáde lẹ́yìn awakọ̀. Ẹ ṣe bíi pé kò ní ṣiṣẹ́. Tó bá yọ síta tí kò sì jí, ńṣe ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ ó sì máa sọ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orí oko tí ẹ ti mú, ní gíga tó pọ̀, ni kí ẹ ti dán an wò.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń bẹ gbogbo èèyàn lé lórí: ẹ yọ tìmùtìmù fóòmù rírọ̀ kúrò ní ìjókòó yín. Tí ọkọ̀ bá kanlẹ̀ gìdì, ó máa ń rì, ó sì máa ń ta padà sí egungun ẹ̀yìn. Fóòmù tó ń fi díẹ̀díẹ̀ gba agbára ìkanlẹ̀ ni kí ẹ rà.

Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn bá ń dun awakọ̀, ẹ má fà á jáde, àfi tí iná bá ń jó. Ẹ di orí rẹ̀ mú kó má yí, ẹ bò ó kí òtútù má mú un, kí ẹ pe àwọn aṣèrànwọ́. Nọ́ńbà 112 ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó dá wà tí kò lè rìn, kó tan ẹ̀rọ tó ń ké sí aṣèrànwọ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, èyí tó ń lo 406 MHz. Àwọn èyí àtijọ́ tó ń lo 121.5 nìkan, sátẹ́láìtì ò gbọ́ wọn mọ́ láti ọdún 2009. Tí àmì bá wà lára ọkọ̀ pé ó ní páráṣúùtì oní-rọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọwọ́ pupa tí wọ́n fi ń fà á, tó wà nínú ọkọ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn panápaná kí wọ́n tó gé ohunkóhun.

Lójú òfin àgbáyé, ìyẹn Annex 13 ti ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, jàǹbá ni tí ẹnì kan bá farapa dé ibi tó fi lò ju wákàtí 48 lọ nílé ìwòsàn, tàbí tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, yàtọ̀ sí ti ìka tàbí imú tí kò le, tàbí tí ọkọ̀ bà jẹ́ débi tí agbára rẹ̀ fi yingin. Ẹ fi tó àwọn tó ń ṣèwádìí létí, kí ẹ sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ní láti ká kúrò kí ẹ lè yọ èèyàn. Ẹ ya fọ́tò ọ̀pá búréèkì apá, ti táyà, aago gíga àti ipa tó wà nílẹ̀ kí àwọn òǹwòran tó tẹ̀ ẹ́. Ìwádìí yẹn wà kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́, kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí náà ẹ sọ òótọ́ bó ṣe rí.

Tí kò bá sí ẹni tó farapa, ẹ dá apá tó kọjú sí afẹ́fẹ́ dé ilẹ̀, ẹ gbé páráṣúùtì yín lé e, kí ẹ má sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín màlúù, wọ́n máa ń lá a, wọ́n sì ń fara ha á. Ẹ wá àgbẹ̀ náà lọ kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà èyíkéyìí. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ sọ iye ọkà tó bà jẹ́, ẹ fún un ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò yín, kí ẹ sì bi í ibi tí tírélà lè gbà láìtẹ ohun ọ̀gbìn mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, kódà tí ọkọ̀ ò ní ìfarapa kankan lójú, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó níwèé àṣẹ yẹ ìdí ìrù, ibi tí táyà so mọ́ àti irin tó so apá mọ́ra wò kó tó tún gbéra.